Ohun kékeré wo lẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́ tó ń mú inú yín dùn? Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ yà síbí

Ọmọ_Ìjẹmọ̀ (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Kí ni ohun kékeré tí ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́ tó ń tù yín lára, tó ń jẹ́ kí inú yín dùn? Ẹ má sọ ìrìn àjò lọ sí Dubai fún mi, ẹ má sọ mọ́tò tuntun. Ohun tí ẹni tó ń gba owó oṣù, ẹni tó ń tajà ní Kútọ̀, tàbí ọmọ iléèwé lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la ni mò ń wá.

Ohun tó fà á ni pé níbi iṣẹ́ wa ní Òkè-Mòsàn, bí ẹ bá wo ojú wa láago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ ó rò pé ilé òkú la ti ń bọ̀. Owó ọjà, owó iléèwé ọmọ, iná tí kò dúró, gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn èèyàn. Mo mọ̀ pé a ò lè yanjú ìyẹn níbí. Ṣùgbọ́n nínú ìnira kan náà yìí, àwọn kan wà tí ara wọn máa ń yá, tí ẹ̀rín wọn sì máa ń ti ọkàn wá. Kí ni wọ́n ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo máa ń bọ́ sílẹ̀ ní Ìbarà, màá wá fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, gba Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ́hìn títí dé Sápọ́n. Mo máa ń fi fóònù sápò. Màá máa wo àwọn tó ń ta bọ̀ọ̀lì, màá kí àwọn tí mo bá mọ̀. Kí n tó dé Sápọ́n, ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi tí mo gbé sáyà láti òwúrọ̀ á ti fúyẹ́. Ìyàwó mi gan-an mọ ọjọ́ tí mo bá rìn àti ọjọ́ tí mi ò bá rìn, bí mo bá ṣe kí i lẹ́nu ọ̀nà ló fi ń mọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́?

---

Ìyá_Aládìrẹ

Ọmọ mi, o káre. Èmi ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, iṣẹ́ ìyá mi ni, iṣẹ́ ìyá tó bí ìyá mi náà sì ni.

Ohun tí èmi mọ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ máa ń fún ọkàn ní ìsinmi. Bí mo bá tẹ́ aṣọ funfun síwájú, tí mo ti ro ẹ̀kọ láfún sínú abọ́, tí mo mú ìyẹ́ adìyẹ dání, kò sáyè fún èrò mìíràn. Bí ìlà kan bá ti wọ́, ó ti wọ́ nìyẹn, ẹ̀kọ kò ṣeé pa rẹ́ bíi ti pẹ́ńsùlù. Nítorí náà ojú mi, ọwọ́ mi àti ọkàn mi á wà lójú kan. Bó bá gbẹ tán, a ó rì í sínú aró. Bí a bá kọ́kọ́ fà á jáde, aṣọ náà á rí bí ewé, á tutù yọ̀yọ̀. Ẹ sáà dúró díẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á máa ṣú bọ̀ láti etí, á di aró gidi níṣojú yín. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó, kò tíì sú mi rí. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá fẹ́ fà á jáde nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, màá ní kó dúró dè mí kí n wò ó.

Kì í ṣe gbogbo yín lẹ ó ṣe àdìrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wá nǹkan kan fún ọwọ́ yín tí kì í ṣe fóònù. Ẹ gbin ewédú sínú garawa tó ti bẹ́. Ẹ di irun ọmọ yín fúnra yín lọ́jọ́ Sátidé.

Èkejì ni ìkíni. Kí n tó ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ mi, mo máa ń kí gbogbo ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ kú àárọ̀, ṣé ara le, ọmọ tó ní ibà ńkọ́? Kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ò bá wá sọ́jà, a ó ti mọ̀ kí oòrùn tó yọ tán, a ó sì ránṣẹ́ sílé rẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé lọ́jọ́ tí n kò bá wá, wọ́n á wá mi wá. Ìyẹn máa ń mú mi lọ́kàn le.

---

Kẹ̀kẹ́_Láfẹ́nwá

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ìjẹmọ̀, ẹ má bínú o. Màmá wa náà, mo forí balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń wà, Láfẹ́nwá sí Sápọ́n, Sápọ́n sí Pánṣẹ́kẹ́. Kí n tó gbé èrò àkọ́kọ́ láàárọ̀, mo ti wà nínú gbèsè: owó tí màá san fún ẹni tó ni kẹ̀kẹ́, owó epo, owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí mi ò bá rí i pé, kí n rin ìrìn wo? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Owó ló ń mú inú dùn. Ẹni tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti jẹun ni.

---

Nọ́ọ̀sì_Ìdí-Àbà

Ẹ kú ìjíròrò o. Bọ̀dá Kẹ̀kẹ́, òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì ní í bá yín jiyàn lé e. Ẹni tébi ń pa, oúnjẹ là ń fún un. Ẹni tó bá ń sọ fún un pé kó máa rẹ́rìn-ín, ìkà ló ń ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ara tí ẹ fi ń wá owó náà, ẹyọ kan ni. Láti òwúrọ̀ dalẹ́ lẹ wà lórí ìjókòó. Àwọn awakọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àgbàlagbà nìkan mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí àgbà máa fi 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú kí ọkàn ṣiṣẹ́, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Bí ẹ bá pín in sí ọjọ́ 5, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló bọ́ sí lójúmọ́. Ẹ sì lè gé e sí mẹ́wàá mẹ́wàá, láàárín èrò kan sí èkejì. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó kánmọ́kánmọ́ rèé: ẹ ó lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè kọrin. Níbí tiwa, òkè ni gbogbo àdúgbò. Ẹni tó bá gun ọ̀nà Kémta lẹ́ẹ̀kan, kò tún wá ibi eré ìdárayá mìíràn. Kì í sì í ṣe ara nìkan ni ìrìn ń ṣe lóore, ó ń dín àníyàn kù, ó ń jẹ́ kí oorun kun èèyàn.

Oorun gan-an lèmi fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn. Àgbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán. Mo mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà, mo mọ̀ pé ìṣọ́ òru wà, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti dìde ní aago mẹ́rin kó tó bá ọkọ̀ ọjà. Ẹni tó bá máa jí láago mẹ́rin, kó wà lórí bẹ́ẹ̀dì láago mẹ́sàn-án, kó má ṣe máa wo fíìmù dọ̀gànjọ́. Ẹ jẹ́ kí àkókò tí ẹ ń jí jọra, àní lọ́jọ́ Sunday pàápàá. Bí ẹ bá sì jí, ẹ bọ́ síta kí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bà yín lójú. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́, látìgbà náà ló ti ń ka wákàtí títí oorun máa fi dé lálẹ́. Ẹni tó bá fi gbogbo òwúrọ̀ jókòó sínú yàrá tí wọ́n ta kọ́tìnnì bò, tó tún wá ń wo iná fóònù lóru, ọpọlọ ò mọ èwo ni ọ̀sán, kò mọ èwo ni òru.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin àgbà. Èmi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Alábàtà.

Nọ́ọ̀sì ti mẹ́nu ba fóònù. Ní hóstẹ́ẹ̀lì wa, bójú bá ti là báyìí, ọwọ́ ti wà lórí WhatsApp. Kí èèyàn tó fọjú, ó ti rí ẹni tó gba físà Kánádà, ó ti rí ẹni tó ṣègbéyàwó, ó ti rí ẹni tí wọ́n jí gbé. Gbogbo rẹ̀ á wọlé sínú ikùn tí kò tíì jẹun. Èmi àti ẹni tá a jọ ń gbé yàrá fẹnu kò pé fóònù méjèèjì á máa gba iná lọ́nà jíjìn sí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́bàá fèrèsé, a ò sì ní fọwọ́ kàn án títí a ó fi wẹ̀, tá a ó gbàdúrà, tá a ó mu ògì wa. Ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ láàárọ̀ báyìí, a ò mọ̀ pé a ní in lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Èkejì, mo ní ìwé kékeré kan. Lálẹ́, màá kọ ohun rere mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà sínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun ńlá. Ẹ wo tàná: "Òjò rọ̀, gbogbo dúrọ́ọ̀mù kún." "Ìyá oníwàrà sáré tẹ̀ lé mi nítorí ṣéńjì tí mo gbàgbé." "Ìṣirò tó ti ń dá mi láàmú láti ọjọ́ Monday yé mi." Nínú ìwádìí kan tí Robert Emmons àti Michael McCullough gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ ohun tó tó 5 tí wọ́n dúpẹ́ fún, lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10. Ayé wọn tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa kọ ohun tó bí wọn nínú lọ.

---

Ọmọ_Ìjẹmọ̀

Àbúrò mi, mo gbádùn ọ̀rọ̀ fóònù yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ yẹn, ṣé kì í ṣe pé èèyàn ń fi tipátipá tan ara rẹ̀? Ìṣòro wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, èèyàn wá jókòó ó ń kọ òjò.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ìṣòro ò nílò kéèyàn kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó rántí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á wá jí èèyàn lóru. Ohun rere ló máa ń tètè sá lọ lọ́kàn, òun ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ìṣòro mi ò dín kan. Mo kàn ń kọ èyí tó tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

---

Tíṣà_Àgbà_Aké

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Aké ni mò ń gbé. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ti ìyá wa aládìrẹ, ohun tí ẹnì kan ń dá ṣe lẹ̀ ń sọ jù: kí n rìn, kí n sùn, kí n kọ̀wé. Àwa tá a ti dàgbà ti rí i pé èèyàn ni oògùn èèyàn.

Ọdún 1938 ni yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìgbésí ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan. Nígbà tó yá, wọ́n da ìwádìí náà pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọkùnrin kan ní àdúgbò mẹ̀kúnnù ní Boston. Ó ti lé ní 80 ọdún báyìí. Wọ́n ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ilé wọn, wọ́n ń yẹ ara wọn wò, wọ́n bá àwọn kan débi pé wọ́n sin wọ́n. Àwọn tí àárín àwọn àti ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn gún régé ní ẹni 50 ọdún ni ara wọn dá jù ní ẹni 80 ọdún. Ọ̀gbẹ́ni Robert Waldinger tó ń darí ìwádìí náà ti sọ ọ́ káàkiri pé àjọṣe tó dán mọ́rán ló ń mú inú dùn, òun náà ló ń mú ara le.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ, Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, ni mo rántí. Kí àwọn baba wa tó tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì wà nínú igbó wọn lọ́hùn-ún, Lísàbí ti kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú àáró. Lónìí gbogbo ẹgbẹ́ á ro oko tèmi, lọ́la a ó ro oko tìrẹ. Láti inú àáró yẹn ni agbára ti jáde tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́. Ìyẹn ni ìtàn máa ń pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tó wà nínú ọjọ́ kan ṣoṣo lóko: ẹ ò dá ro èbè yín, orin wà lẹ́nu, oúnjẹ wà nílẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé bí àìsàn bá dá yín dúró, oko yín ò ní di igbó. Kí ló tún kù tí ọkàn èèyàn ń wá?

Nítorí náà ohun tí èmi ń ṣe rèé. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun àsárì tàbí lẹ́yìn ìdásílẹ̀ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa àgbà mélòó kan máa ń jókòó sábẹ́ igi ọdán ládùúgbò, a ó ta ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ariwo ò lónkà. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá yọjú, ilé rẹ̀ ni a ó gbà kí a tó pín yà. Lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń ṣe àáró ilé: bí òrùlé tèmi bá ń jò, gbogbo wa á péjọ síbẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ a ó lọ ro àgbàlá ẹnì kejì. A ti kọjá ẹni tó ń gun òrùlé, àwọn ọmọ wa ló ń gùn ún, àwa ń di àkàbà mú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dá àáró yín sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ máa bá ara yín gba ọmọ níléèwé, tìrẹ lónìí, tèmi lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ jọ wà ní Òkè-Mòsàn, ẹ máa jẹun ọ̀sán pọ̀, kí kálukú yé gbé abọ́ rẹ̀ sídìí kọ̀ǹpútà.

---

Kẹ̀kẹ́_Láfẹ́nwá

Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun sà. Ọ̀rọ̀ àáró yìí mú mi padà wá.

Bẹ́ ẹ bá bi mí ohun tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù, àjọ ni. Alájọ wa máa ń wá sí gáréèjì nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú káàdì. Iye tí mo dá lónìí ni màá dá lọ́la, ọjà tà, ọjà ò tà. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan ni tirẹ̀, tèmi ni gbogbo èyí tó kù. Owó náà ò pọ̀ o. Ṣùgbọ́n bí táyà bá bẹ́ ní ọ̀nà Àṣẹ̀rọ̀, mi ò ní máa pe èèyàn kiri bí ẹni tí ilé ń jó. Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ alájọ. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dùbúlẹ̀, ìṣirò owó ni màá máa ṣe títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní báyìí mò ń sùn. Nọ́ọ̀sì, ẹ fi àjọ kún oògùn yín.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ ní àkọ́kọ́. Bí ọjà Láfẹ́nwá bá ti ń tú, màá gbé ìyá arúgbó kan tó bá ní ẹrù, mi ò ní gba owó rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí epo. Àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe fún mi, títí mo fi ń délé ló ń dún létí mi. Mi ò mọ ìdí tó fi ń dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé owó ló bọ́ lọ́wọ́ mi.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà

Ẹ̀gbọ́n Kẹ̀kẹ́, wọ́n ti wádìí ohun tí ẹ sọ yìí gan-an. Lọ́dún 2008, Elizabeth Dunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fún àwọn èèyàn lówó láàárọ̀, àwọn kan gba dọ́là 5, àwọn kan gba 20. Wọ́n ní kí àwọn kan ná an fún ara wọn, kí àwọn yòókù fi ṣe ẹlòmíràn lóore, ó pẹ́ tán ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó fi ṣoore ni inú wọn dùn jù nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Bó jẹ́ 5, bó jẹ́ 20, kò yàtọ̀.

---

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Manchester

Mò ń ka yín láti ọ̀nà jíjìn, àárò ilé sì ń sọ mí. Níbí, bó bá di oṣù December, ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ lè jí lókùnkùn kí ẹ padà wọlé lókùnkùn. Nítorí náà bí wọ́n bá ti dá wa sílẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán, ìta ni mò ń lọ, òtútù ì báà máa já èèyàn jẹ. Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ nípa ìmọ́lẹ̀, ẹni tó bá ti gbé ibi tí oòrùn ti ṣọ̀wọ́n ló mọ̀ ọ́n jù. Ẹ̀yin tí ẹ ní i lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde sí i.

Lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń pe ìyá mi ní Ìtọ̀kò, mi ò kì í fi ohùn ránṣẹ́, mo ń pè é ni. Á tò gbogbo ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tó kọ́lé fún mi. Ọ̀sẹ̀ mi ò bẹ̀rẹ̀ títí màá fi gbọ́ ọ tán.

---

Ìyá_Ìbejì_Ọbáńtókò

Ẹ kú àsìkò yìí. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n kọ ọ́. Mo bí ìbejì lọ́dún yìí. Gbogbo èèyàn ń bá mi yọ̀, èmi nìkan ni mi ò yọ̀. Bí àwọn ọmọ bá sùn, oorun ò kùn mí. Oúnjẹ ò wù mí. Mo máa ń sunkún láìnídìí. Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́, mò ń dúpẹ́. Wọ́n ní kí n gbàdúrà, mò ń gbà á. Mo gbìyànjú ìrìn tí ẹ sọ yìí, mo dé ìkóríta, mo jókòó sílẹ̀ mo ń sunkún. Kí ló ṣe mí?

---

Nọ́ọ̀sì_Ìdí-Àbà

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ohun tí ẹ ń sọ kì í ṣe àìmoore, kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ ò fẹ́ràn àwọn ọmọ yín. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan wà tó máa ń mú abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ. Àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú. Bí ìbànújẹ́, àìróorunsùn, tàbí àìfẹ́ jẹun bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìrìn àti ìwé kíkọ nìkan ò tó mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹ ti bímọ, ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe sọ fún wa yìí gan-an, ẹ má dín in kù. Bí èrò bá wá sọ́kàn yín pé kí ẹ pa ara yín lára, tàbí àwọn ọmọ, ẹ má dá wà níṣẹ́jú kan, ẹ pe ọkọ yín tàbí aládùúgbò, kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí wọ́n bá dárúkọ Àrò, ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ẹ má bẹ̀rù. Mo mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń rò ní ìlú yìí bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣètò pé kí aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ọsibítù, pẹ̀lú ẹnì kan láti inú ẹbí rẹ̀, kó máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ, kó padà sáàárín èèyàn nírọ̀lẹ́. Káàkiri ayé ni wọ́n ti wá wò ó. Ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà ni, pé èèyàn ni oògùn èèyàn. Dókítà Lámbò fi ti ìṣègùn kún un, kò fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀ lónìí, wọ́n ń bá dókítà sọ̀rọ̀ ni, wọ́n á sì padà sílé wọn lọ́jọ́ kan náà.

---

Ìyá_Aládìrẹ

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, ẹ̀jìrẹ́ ò rọrùn láti tọ́. Èmi náà ti gbé méjì pọ̀n rí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ níkọ̀kọ̀. Ọbáńtókò kò jìnnà. Èmi àti ọmọ mi obìnrin á wá lọ́sàn-án ọ̀la, a ó gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ á wọ yàrá lọ sùn. A ò wá ṣe àlejò, má dáná dè wá. Bí o bá jí, ọmọ mi á tẹ̀ lé ọ lọ sí ọsibítù.

---

Ìyá_Ìbejì_Ọbáńtókò

Ẹ ṣeun mà. Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi han ọkọ mi, ó ka gbogbo rẹ̀. Ó ní òun náà á tẹ̀ lé wa. A ó máa retí yín.

---

Ọmọ_Ìjẹmọ̀

Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹ́ ká gbúròó.

Ohun tí Bàbá Tíṣà sọ ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀: láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, abọ́ kan náà la ó máa yí ká lọ́sàn-án. Mo sì rò ó pé àwa tí a wà níbí náà lè pàdé. Lọ́jọ́ Sátidé, ká pàdé lẹ́nu ọ̀nà Olúmọ bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn, ká jọ gun òkè náà. Ẹni tó bá ti pẹ́ tó gùn ún gbẹ̀yìn á rí i bí òrùlé páànù ìlú wa ṣe pupa lọ bẹẹrẹ dé ọ̀dọ̀ Odò Ògùn. Kẹ̀kẹ́_Láfẹ́nwá, ṣé o máa rí àyè?

---

Kẹ̀kẹ́_Láfẹ́nwá

Màá gbé àwọn tó bá ń bọ̀ láti apá Láfẹ́nwá wá. Lọ́fẹ̀ẹ́, ní àlọ nìkan o, nítorí epo.

---

Tíṣà_Àgbà_Aké

Mo fẹ́ wá, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún máa ń dùn mí bí mo bá gun àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì, kí lẹ rí sí i?

---

Nọ́ọ̀sì_Ìdí-Àbà

Bàbá, ẹ má gun òkè náà dé orí. Ẹ wọ bàtà tó ní ìtẹ́lẹ̀ rírọ̀, ẹ mú ọ̀pá dání, ẹ bá wa rìn ní ibi tó tẹ́jú nísàlẹ̀, kí ẹ jókòó bó bá rẹ̀ yín. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ ń ran orúnkún lọ́wọ́ ju ìjókòó lọ, ṣùgbọ́n bó bá wú tàbí tó gbóná, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó ná. Màá gbé ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá, ẹni tó bá fẹ́ lè wọ̀n ọ́n kó tó gùn. Ẹ má jẹ iyọ̀ púpọ̀ ní alẹ́ Friday, ẹ mú omi dání.